Fóòmù Tí O Fọ̀

Ilé mi,
Ọjọ́ Àìkú.

Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kò lè fara da ohun tí mo fẹ́ sọ. Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn.

Iṣẹ́ tí o rán sí mi ti dé etí mi. O ní àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ tuntun tí ẹ kó sínú àpótí gíláàsì ilé ìwòsàn yín, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń dúró de dókítà, ń kú, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti ra òmíràn. O ní ẹni tó ń ta ẹja sọ fún ọ pé àfi kí o wá fóòmù rírọ̀ tí a fi ń sẹ́ omi, láti inú omi ẹja tó ti pẹ́. O wá rántí pé ọ̀kan wà nílé mi. Háà, Akọ̀wé! Ojú ò mà tì ọ́ o!

Jẹ́ kí n rán ọ létí bí àpótí yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé o ti gbàgbé. Èmi gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo kan tábìlì tó jókòó lé. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé yín, ló ṣe ìyókù. Yanrìn kíkúnná ló lò, torí ìsàlẹ̀ omi ni àwọn ẹja wọ̀nyẹn ń gbé, irùngbọ̀n ni wọ́n sì fi ń wá oúnjẹ. Òkúta mímú á gé e. Ẹ̀ẹ̀meje ló fọ yanrìn náà. Ó gbin ewéko sí i, ó so díẹ̀ mọ́ igi tí mo fá fún un, ó ki fóòmù sínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò fi ẹja kankan sí i. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì Olómi, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìẹ, òun ń sin omi. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Akọ̀wé, ohun alààyè tíntìntín inú ìdọ̀tí ara fóòmù yẹn ló ń jẹ májèlé inú omi. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹja ló pa." Ìṣojú mi ni. O gbọ́ ọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ẹja yẹn fi wà. Mo rí ọmọ tó ń ké nítorí abẹ́rẹ́ bíi pé wọ́n fẹ́ pa á, tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tó rí àrọ̀ kékeré kan tó ń fi ẹnu tú yanrìn. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ẹja ló ń béèrè kó tó béèrè oògùn. Ìwọ lo ṣèlérí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé o máa tọ́jú wọn.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kò tíì pé oṣù méjì tí a sin ín tí o gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá wo ilé ìwòsàn, o sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa dán. Lọ́jọ́ kejì tí mo wá tún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ṣe, mo rí fóòmù náà lójú fèrèsé, o sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkísà, ó funfun bí òwú. Òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹja mẹ́rìnlá ló léfòó, tí ikùn wọn kọjú sókè.

Àṣìṣe nìyẹn, mo mọ̀. Ta ni kì í ṣe é? Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mẹ́tírọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, wá bá mi níbi tí mo ti ń kan ìṣó, ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Akọ̀wé ṣàlàyé fún wa pé ìdọ̀tí tí Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó kó jọ sínú omi ló pa wọ́n." Ìdọ̀tí! Obìnrin tó ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bu omi mu! Mo wò ọ́ níbi tí o dúró sí lẹ́yìn rẹ̀. O wo ilẹ̀. Nígbà tí a jáde, o di ọwọ́ mi mú: "Ọ̀rẹ́, bò mí láṣìírí. Wọ́n á lé mi." Mo sì dákẹ́. Oṣù márùn-ún ni mo fi jẹ́ kí wọ́n máa pe òkú ìyàwó mi ní ọ̀bùn, kí ìwọ lè máa jókòó lórí àga rẹ. Ojú ara mi ń tì mí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní gbé e lé ọ lórí.

Fóòmù ilé mi, ìyàwó mi ló gé e lára ti ilé ìwòsàn, kí èmi náà lè ní ẹja mẹ́fà tí màá máa wò. Mo ti gé e sí méjì lónìí. Mi ò lè torí ìbínú jẹ́ kí ẹja máa kú, kí àwọn ọmọdé sì máa wo omi ṣófo.

Ṣùgbọ́n má wá a nínú àpò lẹ́tà yìí. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi tó mú lẹ́tà wá fún ọ ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Mẹ́tírọ̀nù, ó ti gbé ìdajì fóòmù náà fún un nínú ike tí omi wà. Ìwé pélébé kan ni mo lẹ̀ mọ́ ọn: "Ẹ má fọ̀ ọ́. Akọ̀wé mọ ìdí rẹ̀." Ó máa bi ọ́. Dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run dá ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ sí. Kó fún ọ lẹ́nu tí wàá fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà ò bá sí mọ́, kí ẹni tó máa ròyìn rẹ jẹ́ olóòótọ́.

Èmi ni, ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ títí di òní, tí kò tíì mọ ti ọ̀la,
Gbẹ́nàgbẹ́nà.

Mo gbàgbé: ohun tó wà láàyè nínú fóòmù yẹn kò ní kọjá ọ̀sán ọjọ́ Ajé nínú ike. Bó bá jẹ́ pé irọ́ lo tún fẹ́ pa, tètè pa á, kí wọ́n lè gbé fóòmù náà sínú àpótí, kí ẹja má baà tún kú sí i.