Èmi Ni Mo Rán Aṣọ Ìkómọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo rán aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi máa fi kó ọmọ rẹ̀ jáde lọ́la, òun ò sì mọ̀... ó ti ní kí ọwọ́ mi má kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ìṣẹ́-Èkìtì ni mí, mo wà ní college ní Ìkẹ́rẹ́, ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún mi ní kékeré ló pa ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, kírọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń rìn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń pọ̀n mí lọ sílé ìwé nígbà náà, ọmọdé lòun náà, táwọn ọmọ bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà, á gbé mi kalẹ̀, á bá wọn jà, á tún pọ̀n mí padà... Ìyẹn ló ń pa mí lẹ́kún jù.

Nígbà tí mo wọ college, mo sọ fún ara mi pé ta ló máa gba èmi síṣẹ́ tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí nìkan ni mo gbé dání? Ni mo bá ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán mọ́ ìwé mi, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi téèyàn ti ń rí òkè Olósùnta. Ọ̀gá mi dáa, Ọlọ́run gbọ́. Ó wá maṣíìnì ọlọ́wọ́ fún mi torí mi ò lè tẹ ti ẹlẹ́sẹ̀. Mo mọṣẹ́ náà, kì í ṣe ìgbéraga... but àwọn aboyún kì í fẹ́ kí n rán tiwọn, wọ́n ní ọmọ inú àwọn lè gbé irú ẹsẹ̀ mi wáyé. Ni ọ̀gá mi bá ń sọ fún wọn pé Bísí, ọmọṣẹ́ kejì, ló rán an. Èmi á rán an lẹ́yìn kọ́tìnnì, Bísí á gbé e jáde, wọ́n á wúre fún Bísí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ẹmùré, níbi tó lọ́kọ sí, tòun ti oyún àti léèsì rẹ̀. Mo ti ń mú kírọ́ọ̀ṣì kí n jáde lọ kí i, mo ti ń ro irú ọrùn tí màá yọ fún un... ni mo gbọ́ tó rẹ ohùn sílẹ̀ fún ọ̀gá mi.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àbúrò mi rán an o. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó ń bẹ ní unú mi yìí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Mo jókòó padà. Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá mi gbé léèsì náà lé mi nítan. Mo lè kọ̀, mi ò kọ̀. Inú ń bí mi, mò ń sunkún, mò ń yí maṣíìnì, síbẹ̀ mo fẹ́ kó lẹ́wà ju gbogbo aṣọ tí mo ti rán rí lọ. Mo tiẹ̀ fi léèsì tó ṣẹ́kù rán bùbá kékeré fún ọmọ, mo kó o mọ́ aṣọ rẹ̀.

Ó ti bímọ báyìí, ọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá. Ó pè mí pé aṣọ náà bá òun mu gan-an, kí n bá òun kí Bísí, ọwọ́ Bísí ò ní ṣẹ́ láé. Mo ṣe àmín...

Lecturer tó ń kọ́ wa ní entrepreneurship, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́, wá ní kí kálukú mú fídíò oníbàárà kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí onítọ̀hún wọ aṣọ náà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó rán an. Ta ni kí n mú lọ? Bísí ni gbogbo wọn mọ̀. Tí mo bá jáde tán, ta ló máa bá mi dé ṣọ́ọ̀bù tèmi? Tí mo bá sì jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, tí ibà lásán bá wá ṣe ọmọ yẹn lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ṣé wọn ò ní sọ pé ọwọ́ mi ni?

Ṣé kí n pè é kó tó wọ̀ ọ́ lọ́la, kó bọ́ ọ tó bá fẹ́ bọ́ ọ? Àbí kí n dákẹ́, kí Bísí tún gba oríyìn lójú mi? Ó ní kí n tètè dé, torí èmi lòun fẹ́ kó kọ́kọ́ gbé ọmọ... Ẹ̀yin ará, tó bá na ọmọ sí mi nínú bùbá kékeré yẹn, ṣé ọwọ́ tó ní kó má kan aṣọ yìí náà ni kí n fi gbà á?