Táyà Tó Yọ Lọ́jọ́ Tí Màmá Gbà Láti Kó Kúrò

                                                            Ẹ̀yìn Ọjà Ẹja,
                                                            Igbókọ̀dá,
                                                            Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                            Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Òkúdù, 2013.

Ẹ̀gbọ́n mi Rhoda, àyànfẹ́,

Mo kí yín púpọ̀púpọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò Àkúrẹ́, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ yín wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, Olúwa yóò fún wọn ní làákàyè. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ara le, ìyàwó mi ń kí yín, ṣùgbọ́n ọkàn èmi kò balẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìgbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lórí fóònù, n kì í tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ẹ ó ti máa pariwo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó bínú.

Ẹ ń bèèrè pé kí ló dé tí Màmá ṣì wà ní Aráròmí. Ìbéèrè gidi ni. Òkun ti gbé ilé àwọn Jọọlá aládùúgbò wa lọ, ó ti gbé ibi tí a ti máa ń sá ẹja nígbà tí a wà ní kékeré, nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ gbé wọn, ilé kan ṣoṣo ló kù láàárín ilé Màmá àti omi. Èmi ti tún yàrá ṣe fún wọn níhìn-ín, mo ti kùn ún, mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí i. Ọkọ̀ ojú omi ni ìbá tètè gbé wọn wá, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú létí jẹ́tì, ìbàdí wọn kò gba ọkọ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń fò lórí ìgbì tó ń balẹ̀ gbà, gbà, ẹkún ni wọ́n máa ń sun. Ọ̀nà ilẹ̀ nìkan ló kù, ẹ sì mọ irú ọ̀nà tiwa: iyanrìn níhìn-ín, ẹrẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nítorí ọ̀nà yìí ni mo ṣe ra jíìpù tí ilé-iṣẹ́ elépo kan fẹ́ jù nù. Ọkọ̀ náà lágbára, àléébù kan ṣoṣo ló ní: iwájú rẹ̀ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, bí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ kí àna. Bó bá ti dé inú ẹrẹ̀, imú ló máa kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé wọ́n ń ta irin róbótó kan ní ọjà Ládípò, tí wọ́n ń fi sórí sípíríìn iwájú kí iwájú lè bá ẹ̀yìn dọ́gba. Irin pẹlẹbẹ kan tún wà tó nípọn, sípésà ni wọ́n ń pè é, àárín táyà àti ibi tí táyà ń jókòó sí ni wọ́n ń dè é sí, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yà síta, kó má baà máa fì. Ọkàn mi fà sí i, mo kó méjèèjì wá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò dè é? Hánà àbúrò wa fárígá pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án bí kò ṣe Mátíù ọkọ òun. Lóòótọ́, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kú sójú agbami, orúkọ Mátíù ni gbogbo jẹ́tì ń pè. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ojú omi kò ní táyà, ẹ̀gbọ́n mi! Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní àna ẹni ni, bí mo bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ẹjọ́ ló máa dà nínú ẹbí. Mo bá gbà.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, irin ti sípíríìn yẹn, ó ṣe é dáadáa, iwájú ọkọ̀ gbéra, ó bá ẹ̀yìn dọ́gba. Sípésà ló bà wá jẹ́. Kò sí nọ́ọ̀tì tí Mátíù dè tí kò kọ́kọ́ tì bọ inú agolo gíríìsì. Ó fi gíríìsì ra ojú irin, ó fi ra bóòtù, ó fi ra ẹ̀yìn táyà, bí ẹni ń fi àdín ra ọmọ jòjòló. Àwa tí a dúró tì í sì ń yìn ín! Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wa yìí, ta ló ń de irin ní gbígbẹ? Omi iyọ̀ á jẹ ẹ́ ni. Bàbá pàápàá, nígbà ayé wọn, bí wọ́n bá rí i pé a de nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì láìfi gíríìsì sí i, etí wa ni wọ́n máa gbá.

Bó ṣe parí, ọkọ̀ náà dúró gbagidi, ó ya ẹsẹ̀, ó gbé àyà síta. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wò ó. Mo gbé e lọ sí Aráròmí tìdùnnú-tìdùnnú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: Màmá wo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé ìbàdí òun ló máa gun òkè yìí, àbí mo mú àkàbà dání? Èmi tí mo ń wá ìrọ̀rùn fún wọn, n kò rántí pé ọkọ̀ tó ga fún ẹrẹ̀ ti ga fún arúgbó náà. Èmi àti Ọlọ́rundáre aládùúgbò wọn ló gbé wọn lórí àga, a sì fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn wọ inú ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ náà, Màmá ti gbà láti lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù lọ. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fún Ọlọ́rundáre ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ti dágbére fún gbogbo ojúlé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílùú ni, mo rí i pé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ọ̀nà ni. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo rí táyà kan tó ń yí gbirigbiri lọ níwájú wa, ó ya wọ inú ẹrọ̀fọ̀. Mo ní, "Ta ló ni táyà yìí?" Màmá ní, "Ìwọ ni." Ni iwájú ọkọ̀ bá lulẹ̀ gbì! Ọpẹ́ ni pé n kò sáré, kò sẹ́ni tó fara pa.

Adégbóyè, mẹkáníìkì ọkọ̀ ilẹ̀ tó wá láti Òkìtìpupa, kàn fi ìka kan nọ́ọ̀tì ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní irin gbọdọ̀ di irin mú lẹ́yìn táyà, gíríìsì ló jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ mọ́ra wọn títí nọ́ọ̀tì fi tú. Ó ní bí a bá tiẹ̀ dè é dáadáa, ó yẹ kí a tún de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le lẹ́yìn tí a bá wà á díẹ̀. Ó fi pẹtiróòlù fọ gbogbo rẹ̀, ó tún un dè, láti ọjọ́ náà kò mì mọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Mátíù sọ: ó ní ká jẹ́ kí omi iyọ̀ jẹ ẹ́ tán, a ó wá òun wá. Bí kì í bá ṣe pé ọkọ Hánà ni, ohun tí ǹ bá sọ sí i, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dára náà, ta ló máa wọ̀ ọ́? Lọ́jọ́ yẹn, Màmá kò pariwo, wọn kò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Ọlábọ̀dé, dá mi padà sílé." Àwọn apẹja gbé wọn tàga-tàga padà, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Mo ti padà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á se oúnjẹ fún mi, wọ́n á gbàdúrà fún èmi àti jíìpù, wọn kò ní wọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gíríìsì títí ẹnu ń ro mí. Wọ́n ní, "Gíríìsì tí Mátíù ti ń lò láti ọjọ́ yìí, ṣé ó ti já a kulẹ̀ rí? Ọlọ́run ló yọ táyà yẹn." Ó sú mi, ẹ̀gbọ́n mi, ó sú mi pátápátá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún lọ. Ilé tó wà láàárín ti wó. A jẹun tán, Màmá jókòó sórí àpótí nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n fọ abọ́, wọ́n sì da omi rẹ̀ síta láìdìde. Inú òkun ló bọ́ sí. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo rí i pé òkun mọ̀ pé ìbàdí ń dun òun, òun kò ní máa rìn lọ da omi nù mọ́. N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo lọ jókòó sínú jíìpù, mo sunkún.

Ẹ má pe fóònù mọ́. Ẹ̀yin ni àkọ́bí wọn, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́. Ẹ wá fúnra yín, kí a jọ gbé àga náà, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n lè gbà pé bí táyà bá tún yọ, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ìbejì. Hánà ní kí n kí yín, ó sì ní kí n má dárúkọ ọkọ òun nínú lẹ́tà yìí.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,

Ọlábọ̀dé Olówòkéré