Màmá Ògbufọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ní Ìtumọ̀ Méjì

Ní ọdún 1946, nínú ilé kan tó kọjú sí ilé-ẹjọ́ kékeré, ni wọ́n bí màmá wa, àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Káfíńtà ni bàbá wọn, agbẹ̀bí sì ni ìyá wọn. Àwọn ará ilé náà kì í gbé ohùn sókè. Àwọn aládùúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú ilé káfíńtà, òòlù nìkan ló ń pariwo.

Ní 1953 wọ́n fi Màmá sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Olùkọ́ wọn níbẹ̀ a máa ka ẹsẹ Bíbélì kan ní èdè òyìnbó, a sì ní kí ọmọ kan dìde kó sọ ọ́ ní èdè ilé. Inú àwọn ọmọ yòókù kì í dùn sí i. Ní ti Màmá, bí wọ́n bá bi wọ́n ní ẹsẹ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa mú wá, wọ́n á sì ní kí olùkọ́ mú èyí tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n parí ìwé mẹ́wàá, wọ́n di atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn lọ sí ẹ̀ka àwọn ògbufọ̀. Ní 1981 wọ́n di Ògbufọ̀ Àgbà ní ọ́fíìsì Ààrẹ. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ fẹ́ bá ìlú sọ di èdè tí à ń sọ nílé, kí rédíò tó gbé e jáde.

Ní 1969 ni Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà. Bí àlejò bá bá wọn lórí àríyànjiyàn, Tíṣà a ní, "Ẹ má dá wa dúró. Ìyàwó mi kì í jà, ó ń túmọ̀ mi ni." Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Àkọ́bí di nọ́ọ̀sì, èkejì ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, àbíkẹ́yìn sì wọ iṣẹ́ ológun, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Sójà. Tíṣà fi ayé sílẹ̀ ní 1992. Láti ọjọ́ náà, bí Sójà bá ti pẹ́ kó tó wá sílé, Màmá kì í lè jókòó lójú kan.

A kò lè sọ ìtàn màmá wa ká fo ọdún 1998. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ìdílé.

Lọ́dún náà, àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè tó bá tiwa pààlà. Olórí tí wọ́n lé kúrò lórí oyè sá wá sọ́dọ̀ Ààrẹ wa, ó ní kó fi ọmọ ogun ran òun lọ́wọ́. Ìdìbò tiwa sì ti ń sún mọ́lé. Àwọn ará ìlú ti sọ Ààrẹ ní Ó-dọ̀la, nítorí pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, ọ̀la ló máa ń dá fún wọn. Àwọn ọmọdé ń fi orúkọ náà ṣeré lójú pópó. Alága ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sọ fún un pé bí kò bá rán ọmọ ogun lọ, orúkọ yẹn ni wọ́n máa fi dìbò lé e kúrò nílé ìjọba. Ọ̀gá àgbà àwọn ológun ní tirẹ̀ ní bàtà pàápàá kò kárí àwọn ọmọ òun, ká má tiì sọ ọta ìbọn.

Bárékè tí Sójà wà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó lọ. Nígbà tó wá kí wọn nílé, Màmá kò jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ ti lọ ṣòkòtò yìí tẹ́lẹ̀."

"Ó ṣì rún."

"Níbo?"

"Lọ jókòó jàre. Ìwọ lo wá mọ aṣọ í lọ ju èmi lọ?"

Sójà rẹ́rìn-ín, Màmá kò rín. Àkọ́bí wọn tẹ̀ lé wọn wọ yàrá, ó sì sọ pé, "Màámi, ẹ kúkú ń rí Ààrẹ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé kó fi ọmọ tèmi sílẹ̀, kó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ?"

Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ máa sọ, wọ́n pe Màmá sí yàrá ìpàdé. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sínú ike kan lábẹ́ fèrèsé. Ààrẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ àti ọ̀gá àgbà ológun. Màmá ti kọ ìlà tó ṣe pàtàkì jù báyìí pé, "A ó gbèjà àwọn aládùúgbò wa."

Ààrẹ ní, "Gbèjà yìí ti le jù. Bí mo bá ní mo fẹ́ gbèjà, tí n kò wá lọ ńkọ́?"

Alága ní, "Ẹ máa lọ ni, sà. Àbí ẹ tún fẹ́ sùn lé e lórí?"

Ààrẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn."

Màmá ronú díẹ̀, wọ́n sì kà á pé, "A ó bá àwọn aládùúgbò wa ja ìjà yìí."

Alága fọwọ́ gbá tábìlì. "Ìyẹn gbóná! Ìyẹn ni kí wọ́n gbọ́!" Ọ̀gá àgbà ológun náà mi orí pé òun gbà, nítorí kò gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra nínú rẹ̀. Ààrẹ ní kí Màmá tún un kà. Ó wojú Màmá, ó sì ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa mọ̀ pé "bá" yìí kì í dúró lójú kan. Bí ẹnìkan bá bá wa gbé ẹrù, ó ràn wá lọ́wọ́ ni. Bí ó bá bá wa jà, ó ti di ọ̀tá wa nìyẹn.

Rédíò gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọ̀sán. Ní agbègbè ibodè, kò sí ilé tí kò ní ìyàwó, àna tàbí ọmọ ní òdìkejì. Ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni pé Ààrẹ fẹ́ lọ gbógun ti àna wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin ti jókòó sí ojú títì tó lọ sí bárékè, wọ́n ní kí ọkọ̀ ológun wá gun àwọn mọ́lẹ̀ kó kọjá. Àwọn aṣòfin tó wá láti ibodè ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i. Alága yìí kan náà sáré padà wá bá Ààrẹ pé, "Sà, ẹ jẹ́ ká ṣì dá a dúró ná." Ààrẹ sì dá a dúró. Wọ́n wá kéde pé ògbufọ̀ ló ṣì í túmọ̀, wọ́n sì ní kí Màmá lọ sinmi nílé. Wọn kò pè wọ́n padà mọ́.

Báyìí ni Sójà kò ṣe lọ. Inú wa dùn, ẹ̀rù sì ń bà wá láti fi ayọ̀ náà hàn. Àwọn ìyá kan wá dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mìíràn ń pe Màmá ní ìyá tó fi ẹnu yọ ọmọ tirẹ̀.

Ní òdìkejì, wọ́n ń pa àwọn èèyàn. Àwọn tó rí ọ̀nà sá wá sọ́dọ̀ wa. Màmá fi yàrá ẹ̀yìn fún aránṣọ kan tí wọ́n ti pa ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí Màmá tó lè wo ojú rẹ̀ tààrà. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún un pé àwọn ni ògbufọ̀ tí wọ́n ń wí. Aránṣọ gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ yàrá, kò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ jáde kí n wọn yín. Aṣọ tí ẹ ń wọ̀ ti ń tú lẹ́yìn." Kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Òun náà ló rán aṣọ tó wà lára Màmá lónìí.

Nínú ìjọ, Màmá ló ń túmọ̀ ìwàásù fún àwọn àgbàlagbà. Wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ní ìwé kíkà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin mọ̀ pé bí Màmá bá dé ibi tí "bá" wà nínú ẹsẹ kan, Màmá á dúró, wọ́n á mí kanlẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀síwájú.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, Sójà bi wọ́n léèrè ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù láti bi wọ́n. "Màámi, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

Màmá ní, "Mo mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀ méjì. Ààrẹ náà mọ̀. Ó wojú mi, mo wojú rẹ̀. Òun ń wá ibi tó máa gbà sá, èmi ń wá ọmọ mi. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nínú wa."

"Àwọn tó kú lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Màmá pa ojú dé. A rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni n kò tíì rí túmọ̀. Ẹ má fi pa mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sin mí."

A kò fi pa mọ́, Màmá.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: nọ́ọ̀sì, oníná àti Sójà, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí pẹ̀lú ara líle. Wọ́n fi aránṣọ sílẹ̀, ẹni tí àwa náà ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ púpọ̀. Àbúrò wọn obìnrin kan ṣì wà láàyè, òun ló sì ń di ọwọ́ wa mú.

Ẹ máa lọ, Màmá Ògbufọ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ẹ sinmi. Kí Olúwa bá yín lọ. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni "bá" tiwa ní lónìí.