Omi Ògì Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Yín

Ìyá mi àtàtà,

Ọkàn mi ò balẹ̀, òun ni mo ṣe mú bíírò. Ká ní ẹ wà láyé ni, ǹ bá ti wọ ọkọ̀ trotro wá bá yín l'Abossey Okai, kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbi tí ẹ ti ń bu koko, ògì gbígbóná yín, fáwọn fítà tó ń tún mọ́tò ṣe, títí ẹ ó fi bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí.

Ohun tí ẹ máa ń sọ fáwọn oníbàárà yín ni pé mò ń ta ìwúkàrà fáwọn oníbúrẹ́dì, mi ò sì tún un ṣe rí. Lóòótọ́, ìwúkàrà là ń sìn nílé ìwádìí wa, ṣùgbọ́n a ń yí àbùdá rẹ̀ padà ni, kó lè máa sọ ṣúgà di ásíìdì, irú èyí tó ń mú ògì kan. Ásíìdì náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ìpọ́njà tó lè jẹrà nínú ilẹ̀. Wàhálà wa ni pé bí ásíìdì bá ti pọ̀, ìwúkàrà tó ń ṣe é á kú sínú rẹ̀. Ó kú títí ó fi sú wa.

Ni mo bá rántí ìkòkò yín. Ẹ kì í fọ̀ ọ́ tán. Ẹ máa ń ṣẹ́ omi kíkan díẹ̀ kù sísàlẹ̀ kí ẹ tó da ògì tuntun lé e, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ohunkóhun tó bá ń gbénú ìkòkò yẹn, kíkan ò lè pa á. Mo wá bá yín pé ibà ń ṣe mí, pé mo fẹ́ omi ògì tí n ó fi rẹ àgbo. Irọ́ ni. Ọ̀gá mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ náà jáde síta, èmi náà sì mọ̀ pé gbogbo Abossey Okai á gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ bu ìgò kan kún fún mi, ẹ fọwọ́ kàn mí lọ́rùn, ẹ tún wá èèpo mọ́ńgòrò kún un. Odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ fi ń pè mí láràárọ̀, tí mo ń dáhùn pé ó ti ń fúyẹ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìwúkàrà inú ìgò yẹn ò kú, Ìyá mi. Òun ni gbogbo iṣẹ́ wa wá dúró lé. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ ò dúró de Iléyá. Kí ni mò ń sún un síwájú fún?

Ní báyìí a fẹ́ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí: ṣé ẹni tó ni omi náà mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe? Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ pé ẹ mọ̀, pé òkú ò ní jáde wá jiyàn. Bí mo bá kọ òótọ́, iṣẹ́ náà lè dà nù, èmi náà sì lè bá a lọ.

Mo lọ bá Àǹtí Ràfíà, ẹ̀gbọ́n mi tó ń lo ìkòkò náà báyìí, kó lè bá wa jẹ́rìí pé ẹ mọ̀. Kí n tó lanu, ó ti ń bèèrè ibà mi. Àṣé nígbà àìsàn yín, ẹ ti kìlọ̀ fún un pé kó máa ṣọ́ mi torí ibà yẹn. Mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo mu koko tó bù fún mi, mo sì padà sílé.

Láàárọ̀ yìí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò mọ̀, pé mo purọ́ fún yín ni, mo sì fi ránṣẹ́. Ọ̀gá mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gbé e. Ohun tó ń dùn mí ju iṣẹ́ tó lè bọ́ lọ́wọ́ mi lọ ni pé ìwé ìjọba ló kọ́kọ́ gbọ́ òótọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀yin. Ká ní mo tọrọ rẹ̀ ní tààrà, ṣé ẹ ò ní fún mi ni?

Èmi ni, àbígbẹ̀yìn yín tó fẹ́ràn yín.