Ọmọ Inú Àwòrán Tí Ìyá Àgbà Ń Gbàdúrà Fún

Ìkọ̀yà,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Jùwọ́nlọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé Àǹtí Mildred tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ń fún ẹ lóúnjẹ yó? Olúwa tó sìn ẹ́ dé Àkúrẹ́ ò ní padà lẹ́yìn rẹ. Ara gbogbo wa le, ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, Jésùtómi àbúrò rẹ sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ oorun rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń padà síbi tí a ti ń fún epo, ìyá àgbà ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí tẹ́lẹ̀ o, torí ńṣe ni wọ́n ń da ọmọ dojú bolẹ̀ kí orí rẹ̀ lè rí roboto, wọ́n á ká ìró mẹ́ta sí i nígbèrí, wọ́n á tún kó Bíbélì, ìgò omi àdúrà àti imọ̀ ọ̀pẹ tì í, débi pé ọmọ gan-an ni kò ráyè lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì sì ti ní ẹ̀yìn ọmọ ni kí á máa fi lélẹ̀, lórí fóòmù tó le, kí nǹkan kan má sí nítòsí imú rẹ̀, kí ó lè máa mí. Nígbà tí mo sọ ọ́, ìyá àgbà ní ọmọ méje làwọn dà dojú bolẹ̀ tí gbogbo wọn ń jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ títí dòní, ṣé nọ́ọ̀sì tí kò tíì bímọ ló fẹ́ kọ́ àwọn.

Ni mo bá tọrọ bébà aláwòrán ní ilé ìwòsàn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ kan ló fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà wò ó títí, omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ dà, kò mà sí ìró kan ṣoṣo, kò sí Bíbélì, aláìníìyá ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n gbé bébà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì Gideon sì tan àbẹ́là mẹ́ta fún ọmọ inú àwòrán. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní àánú ò sí lójú mi.

Nígbà tí bébà padà sára ògiri, láràárọ̀ ni wọ́n ń lọ wò ó bóyá ó jí ire. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n wò ó, ọmọ tí kò lẹ́nì kan ń fẹ̀yìn sùn lójoojúmọ́, Ọlọ́run ò sì jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é, ṣé Jésùtómi tó ní ìyá tó ní bàbá ni Ọlọ́run ò wá ní lè ṣọ́? Àwọn fúnra wọn ló kó ìró, ìgò àti imọ̀ ọ̀pẹ kúrò, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Bàbá àgbà Philemon gbé Bíbélì lọ sójú fèrèsé, wọ́n ní Ọlọ́run ò nílò àyè lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó rí ọmọ.

Àná ni Ìyá Benedict aládùúgbò wa da ọmọ-ọmọ tiwọn dojú bolẹ̀ lórí ẹní wa. Kíá ni ìyá àgbà yí i padà, wọ́n bi Ìyá Benedict pé ṣé wọn ò rí ọmọ aláìníìyá lára ògiri ni. Ọkàn mi ti balẹ̀, màá lọ síṣẹ́.

Sọ fún Àǹtí Mildred kí wọ́n fi owó nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ránṣẹ́ o. Ìyá àgbà di púpurú mẹ́rin sínú ẹrù yìí fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ inú àwòrán náà, wọ́n ní ìlú ńlá ni irú wọn ń gbé. Mo mọ̀ pé àwòrán ni, ṣùgbọ́n ṣáà bá wa béèrè, ó ti ṣe wá lóore.

Olúwa tó ń ṣọ́ ọmọ ara ògiri yóò máa ṣọ́ ìwọ náà, tí ìyá rẹ kò sí nítòsí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Juliet.