Ata Ilẹ̀ Pupa Ṣiṣẹ́ fún Eku

Màmá mi, mo kí yín láti Àgbowó. Ará Ìgbòho ńkọ́?

Ata ilẹ̀ pupa tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣiṣẹ́. Ní yàrá ìwádìí wa, a yọ èròjà inú rẹ̀, a fi fún àwọn eku tí aromọléegun ń dà láàmú. Ẹsẹ̀ wọn tó wú ti lọ sílẹ̀, wọ́n ń sáré.

Ọ̀gá wa ní yóò pẹ́ kó tó di oògùn ènìyàn. Mo ní, "Ẹni tí ìka rẹ̀ ti ká kò ńkọ́, sà?"

Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Nàfísátù, lọ sinmi ná."

Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò mi. Ìsinmi náà dùn. Islamiyat aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ èyí, torí bíró ń yọ̀ lọ́wọ́ mi díẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n má wá o, kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Nàfísátù yín