Káàbọ̀ Tó Tètè Jáde

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Ìwé yìí, ìwọ nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀ láìfi ẹnu ẹlòmíì sọ ọ́. Ó yá, jẹ́ ká jọ jókòó.

Ibi tí mo wà: ilé ìdáná ọkọ̀ àárín ìràwọ̀, ẹ̀yìn ìkòkò tó ga jù mí lọ. Iṣẹ́ mi: àwo fífọ̀. Àwọn tí mo ń fọ àwo wọn: àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ kọ́lé sórí ayé kan tó jìnnà, iṣẹ́ wọn ti parí, ilé ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó ń gbé wa lọ: Kòrẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn o, ọ̀gá ọkọ̀ ni àwọn tó kù ń pè é. Ojú rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti látinú. Èmi sì rèé, Ayékòótọ́ ni wọ́n ń pè mí, torí mi ò gbọ́ ohùn kí n má kó o.

Kòrẹ́rìn-ín ní òfin kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ilé nínú ọkọ̀ òun. Má sọ̀tàn ilé, má kọrin ilé. Ó ní ó ń jẹ́ kí ọwọ́ dẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Ìdáná, ọ̀gá mi, ní irọ́ ni, ilé ló ń dun òun fúnra ẹ̀. Mo ní ṣé irú ẹni yẹn ní ilé ni? Ó ní kí n fọ àwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ayọ̀ abara tín-ín-tín! Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri wa tí Kòrẹ́rìn-ín fi ń béèrè tíì láti yàrá rẹ̀. Bọ́tìnnì kan tún wà lára ẹ̀ tó ń gbé ohùn ká gbogbo ọkọ̀, òun ni Ìyá Ìdáná fi ń pe èèyàn wá jẹun. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo fi imú sọ̀rọ̀ díẹ̀ — “Èmi ọ̀gá yín ni. Irùngbọ̀n tí mo bá rí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹni tó ni ín á fi ẹsẹ̀ rìn délé.”

Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀ bí ẹni tó ń gba owó oṣù. Ìyá Ìdáná rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó nu ojú tán, ó fi ṣíbí gbá mi lórí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Nǹkan kan ò dáa nípa onígbàjámọ̀ yìí. Bọ̀dá Abẹ ni mo ń pè é. Gbogbo orí tó fá lánàá dà bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀. Mẹkáníìkì kan fi aṣọ wé etí méjèèjì. Onígbàjámọ̀ wo ni kò mọ ibi tí etí máa ń wà?

Tí mo bá fẹ́ mọ èèyàn, mo máa ń fi ara mi ṣe ara ẹ̀. Mo mú ṣíbí bí abẹ, mo dúró níwájú bàsíà bó ṣe ń dúró: ẹsẹ̀ yà, ẹ̀yìn le gbagidi, ojú ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Háà. Ọlọ́pàá ni!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo lọ bá a. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ tẹ ẹ̀yìn yín díẹ̀. Ẹni tó ń fárí kì í dúró bí ẹni tó ń ṣọ́ báńkì.” Abẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìgbà tó rí i pé mi ò ní pariwo, ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Kòrẹ́rìn-ín ti ta àwọn òṣìṣẹ́ wa. Ayé kan ń bẹ tí òkúta ẹ̀ pupa, wọ́n ń wa nǹkan nínú ilẹ̀ ẹ̀, ẹni tó bá wọlé ibẹ̀ kì í jáde mọ́. Ibẹ̀ là ń lọ. Àìsàn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó jẹ́ ká gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kò sí àìsàn kankan. Àwọn géńdé Kòrẹ́rìn-ín ní ìbọn. Bọ̀dá Abẹ ní abẹ tí kò mú. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan nítòsí tó lè gbọ́ igbe wa.

Mo ní kí ni mo lè ṣe sí i. Ó ní ta ni mo rò pé ó fi mí sáàárín àwọn tó ń fọ àwo? Òun mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó wọlé sí mi lára láìkan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó dáa, jẹ́ kí n kọ ọ́.

Bàbá mi ló ń pe ọkọ̀ wọlé ní èbúté wa. Kì í ṣe ọ̀gá kankan. Yàrá kékeré, páànù lórí, tábìlì kan, rédíò kan tó máa ń gbóná bí ààrò. Abẹ́ tábìlì yẹn ni mo dàgbà sí. Mo mọ bàtà ẹ̀ ju ojú ẹ̀ lọ — okùn ti ẹsẹ̀ òsì kì í pẹ́ tú. Tíì ẹ̀ máa ń tutù sínú ife, torí ó ní òun á mu ún tí ọkọ̀ kan tó kù yìí bá ti wọlé, ọkọ̀ kan sì máa ń kù ṣáá ni. Màmá á pariwo látìta pé ṣé ìyàwó lòun àbí èrò ọkọ̀. Bàbá á ní, “Èrò ọkọ̀ kì í bínú báyìí.”

Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Á ní: “Èbúté ń wò ọ́ o. Ta ló ń bọ̀ nínú òkùnkùn yẹn?” Kẹ́kẹ́ á pa. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà. Á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, á ṣẹ́jú sí mi. Èmi náà á ṣẹ́jú. Títí ohùn ẹnì kan tí kò rí ilé láti ayébáyé á fi já bọ́ sínú yàrá: “Bàbá Èbúté, èmi ni o.” Àwọn géńdé ọkùnrin. Ohùn wọn á máa gbọ̀n.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń pe ọkọ̀ kì í ṣe. Wọn kì í kí ọkọ̀ káàbọ̀ níta. Àfi tó bá wọlé tán, tí ilẹ̀kùn èbúté bá ti dé gbì. Ìgbà yẹn ni Bàbá á wá sọ ọ́, wẹ́rẹ́ báyìí: “Káàbọ̀ o, ọmọ ilé.” Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kó tó di pé òun gba iṣẹ́, ẹnì kan kí ọkọ̀ kan káàbọ̀ nígbà tó ṣì wà lóde. Àwọn ẹbí gbé àga jáde láti fi dúró dè é. Àga yẹn jẹrà síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ohùn ọ̀gá ilé ìwé, mo kó o (òun ni wọ́n fi lé mi jáde — mo fún gbogbo ilé ìwé ní ọlidé). Ohùn Màmá, ohùn ajá, ohùn ilẹ̀kùn. Ti Bàbá nìkan ni mi ò fẹnu kàn láti ọjọ́ tí a sin ín.

Òun gan-an sì ni Bọ̀dá Abẹ fẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ètò: Bọ̀dá Abẹ á purọ́ fún Kòrẹ́rìn-ín pé ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé wa. Kòrẹ́rìn-ín á fẹ́ ẹ̀rí. Ohùn Bàbá ni ẹ̀rí. Èbúté wa ni Kòrẹ́rìn-ín náà ti gbéra, ó mọ ohùn yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níta, kò sí bó ṣe máa mọ̀ pé Bàbá ti kú.

Àbùkù ètò: Bọ̀dá Abẹ ò mọ irọ́ pa. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn sí èèyàn létí. Mo ní kó rọra, kó ṣe bíi pé ó rẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìdáná, tí a ti sọ gbogbo ẹ̀ fún, ní kí a fi lé òun lọ́wọ́, òun ti ní ọkọ rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo yanu. Kò sí nǹkan tó jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Rédíò ọ̀nà jíjìn máa ń ṣe ṣáá-ṣáá. Ìyá Ìdáná gbé páànù tí a fi ń yan búrẹ́dì, ó ń da ìrẹsì gbígbẹ sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ní ṣé bó ṣe ń dún nìyẹn?

Òjò ni. Òjò lórí páànù yàrá Bàbá. Mo rí bàtà ẹ̀.

Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo wúkọ́. “Èbúté ń wò ọ́ o.” Ìrẹsì dá lọ́wọ́ Ìyá Ìdáná. Ó ní, “Jésù.” Èmi sá wọ inú yàrá òtútù, mo jókòó ti àpò àlùbọ́sà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Bọ̀dá Abẹ ti so wáyà ẹ̀rọ tíì wa mọ́ rédíò Kòrẹ́rìn-ín. Ó lọ fá a láàárọ̀. Èmi àti Ìyá Ìdáná lẹ etí mọ́ ògiri. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí a ṣe kọ́ ọ: òun kì í ṣe onígbàjámọ̀. Kòrẹ́rìn-ín ní, “Mo ti mọ̀ láti ìgbà tó o ti kọ́kọ́ fá mi.” (Ìyá Ìdáná ki aṣọ bọnu.) Bọ̀dá Abẹ ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lòun, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ti tẹ̀ lé wa tipẹ́ láìtan iná, èbúté sì ń gbọ́ wa báyìí. Irọ́ gbuu! Èéfín ọbẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ lé wa.

Kòrẹ́rìn-ín ní, “Bí èbúté bá ń gbọ́, kí èbúté pè mí.” Nǹkan irin kan dún kẹ́. Ìbọn.

Ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Èbúté ń wò ọ́ o. Ta ló ń bọ̀ nínú òkùnkùn yẹn?”

Lẹ́yìn náà: “Bàbá Èbúté?” Ohùn ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà. Ìyá Ìdáná ń gún mi níhà, mo dúró. Mo ṣẹ́jú sí abẹ́ tábìlì, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Mo wá ní, “Èmi ni. Àbí o fẹ́ kí n tún wúkọ́ ni?”

Ó ní ṣé tíì mi ti tutù. Mo ní ìgbà wo ló gbóná rí.

Ó ní, “Ọmọ yín ńkọ́? Èyí tó máa ń wà lábẹ́ tábìlì.”

A ò múra èyí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá dáhùn. Mo búra, èmi kọ́. Ó ní, “Ó wà o. Ó ti ga. Wọ́n lé e nílé ìwé torí ẹnu ẹ̀. Ó máa ń yọ mí lẹ́nu. Tí kò bá sí níbí, yàrá yìí máa ń tóbi jù.” Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, ẹkún ló sì jẹ́. Bàbá ní, “Yí ọkọ̀ yẹn padà, ọmọ mi. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ní ilé.”

Kí n dákẹ́ níbẹ̀! Ó kù kí n dákẹ́. Ilé wá gbé mi lọ, ó bọ́ lẹ́nu mi: “Káàbọ̀ o, ọmọ ilé.”

Níta. Ọkọ̀ ṣì wà níta.

Mo fi eyín dá ahọ́n mi dúró, ó ti bọ́. Kòrẹ́rìn-ín dákẹ́, ó pẹ́ ju bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń pẹ́ lọ́nà lọ. Rédíò kú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìràwọ̀ ńlá tó wà ní fèrèsé ọ̀tún ti bọ́ sí òsì. A ti yí padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọrin ilé ní gbangba. Kòrẹ́rìn-ín gba iwájú wọn kọjá, kò sọ nǹkan kan. Bọ̀dá Abẹ ti gba ìbọn àwọn géńdé, òun fúnra Kòrẹ́rìn-ín ló ní kí wọ́n kó o sílẹ̀. Bọ̀dá Abẹ ní irọ́ òun ló ṣiṣẹ́. Jẹ́ kó máa yangàn. Mi ò sọ fún un nípa káàbọ̀ yẹn.

Kòrẹ́rìn-ín béèrè tíì. Ìgbà tí mo padà lọ gbé ife, kò mu ún. Ó ti tutù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A ti dé.

Ẹ̀rọ ló ń pe ọkọ̀ wọlé báyìí. Ohùn tí kò ní ọ̀fun. Ó ka nọ́ńbà wa, ó ní ká dúró, ó ní ká máa bọ̀. Ilẹ̀kùn dé gbì. Mo dúró de gbólóhùn yẹn. Ẹ̀rọ ò sọ ọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ya lulẹ̀. Ẹkún, ariwo, àwọn ọmọ tí kò dá bàbá wọn mọ̀. Lẹ́yìn wọn ni Bọ̀dá Abẹ mú Kòrẹ́rìn-ín jáde, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró nígbà tó kàn mí. Ó ní, “Bàbá Èbúté ò jẹ́ kí mi káàbọ̀ níta.”

Mo ní, “Ẹ mọ̀?”

Ó ní, “Ní kété tó o sọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ọmọ ẹ̀ tán ni, mo sì wá mọ ẹni tó ń dá mi lóhùn.”

Mo ní kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi yí ọkọ̀ padà, nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń dúró dè yín?

Ó wo ilẹ̀kùn títì náà. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ti kí mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.” Kò sì gbé ẹsẹ̀. Bọ̀dá Abẹ fà á, kò gbé ẹsẹ̀. Ó ń wò mí. Mo mọ ohun tó ń dúró dè.

Ilẹ̀kùn ti dé. Ó tọ́ báyìí. Mo wúkọ́, mo wá ohùn Bàbá lọ.

“Káàbọ̀ o, ọmọ ilé.”

Kì í ṣe ohùn Bàbá. Kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni tí mo ti kó rí. Tín-ín-rín, ó ya díẹ̀ lápá kan. Ohùn tèmi ni.

Ó mi orí, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì wọlé.